Adékúnlé Fájuyì: Àmì-Ẹ̀yẹ Ojú Ogun àti Ọlá Ẹ̀yìn Ikú

Ìfáárà

Bárékè ológun méjì wà ní Yábàá, ní Èkó, tí orúkọ wọn yẹ fún àkíyèsí àwa tí a ń kọ́ nípa ìtàn. Ọ̀kan ni Marda, èkejì sì ni Myohaung. Marda jẹ́ ọ̀nà àárín òkè ní Etiópíà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti lé àwọn ará Ítálì ní 1941. Myohaung jẹ́ ìlú kan ní Bọ́mà, tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà ní 1945. Bẹ́ẹ̀ náà ni Letmauck ní Ìbàdàn ṣe gba orúkọ rẹ̀ láti Bọ́mà. Orúkọ ibi tí a ti jà ni a fi sọ wọ́n. Orúkọ àwọn tí ó kú níbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibùdó ológun tí ó wà ní Odógbó, ní Ìbàdàn kan náà, orúkọ ẹnìkan ni ó ń jẹ́: Adékúnlé Fájuyì.

Ìbéèrè tí ìwé yìí fẹ́ dáhùn ni pé, kí ni a ń yìn nígbà tí a bá ń yin Fájuyì? Ọkùnrin yìí gba àmì-ẹ̀yẹ akin lójú ogun nígbà tí ó wà láàyè. Síbẹ̀, kì í ṣe nítorí ogun yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ọlá tí ó pọ̀ jù lọ bá a lẹ́yìn ikú, ikú náà kò sì ṣẹlẹ̀ lójú ogun. A ó gbé ọlá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a lè mọ̀ bóyá ìwà kan náà ni wọ́n ń jẹ́rìí sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun

Ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1926 ni a bí Francis Adékúnlé Fájuyì ní Adó-Èkìtì. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ní 1951, ó ti di sájẹ́ǹtì ní ẹ̀ka tí ń rí sí ìfiránṣẹ́ ológun. Ní ọdún náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní British Empire Medal, nítorí ipa tí ó kó láti pẹ̀tù sí ọ̀tẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun fẹ́ dì nítorí oúnjẹ wọn. Kò yẹ kí a gbójú fo ìtumọ̀ èyí. Ìjọba amúnisìn ni ó fún un ní àmì-ẹ̀yẹ náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ pé ìjọba ni ó ṣiṣẹ́ fún, kì í ṣe àwọn tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ bí ìjọba ológun ṣe ń fi ìyà jẹ ọlọ́tẹ̀ yóò gbà pé ẹni tí ó bá pa iná ọ̀tẹ̀ kí ó tó ràn, ó gba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà sílẹ̀.

Ní 1954, wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Eaton Hall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Keje títí di oṣù Kọkànlá. Ibẹ̀ ni ó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun.

Katanga, 1961

Kóńgò gba òmìnira ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1960. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹkùn Katanga fi kéde pé òun ti yapa. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀, Nàìjíríà tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira sì wà lára àwọn tí ó rán ènìyàn. Mejọ̀ ni Fájuyì nígbà náà, òun ni ó sì ń darí ẹgbẹ́ C nínú Bàtálíọ̀nù Kẹrin, lábẹ́ ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Price. Ní àríwá Katanga, àwọn ọ̀tá ba dè wọ́n. Fájuyì kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yọ nínú ìdẹkùn náà. Nítorí èyí ni wọ́n fi fún un ní Military Cross ní 1961. Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí Nàìjíríà títí di ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1963. Ìdí nìyí tí àmì-ẹ̀yẹ náà fi jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan wà níhìn-ín tí ó kan kókó ọ̀rọ̀ wa gan-an. Lábẹ́ ìlànà Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, a kì í fún òkú ní Military Cross. 1979 ni wọ́n tó yí ìlànà náà padà. Victoria Cross, tàbí kí a dárúkọ ẹni nínú ìròyìn ogun, nìkan ni ológun tí ó kú níwájú ọ̀tá lè rí gbà. Nítorí náà, bí Fájuyì bá kú sínú ìdẹkùn Katanga níbi tí ó ti ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ, iṣẹ́ kan náà ni ì bá ṣe, ṣùgbọ́n kò ní gba àmì-ẹ̀yẹ náà. Èyí jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi iye àmì-ẹ̀yẹ díwọ̀n akin àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ akin ni ìlànà ti gbàgbé kí òpìtàn tó dé.

Ìbàdàn, 1966

Lẹ́yìn Kóńgò, Fájuyì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó darí Bàtálíọ̀nù Kìn-ín-ní ní Enugu. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù Kìn-ín-ní 1966, Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, fi í ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ẹkùn tí ìdìbò 1965 ti dá rúgúdù sílẹ̀ nínú rẹ̀. Inú ń bí ọ̀pọ̀ ológun ìhà Àríwá nígbà náà nítorí àwọn olórí wọn tí a pa nínú ìfipágbàjọba yìí, àti nítorí òfin 34 ti oṣù Karùn-ún tí ó pa àwọn ẹkùn rẹ́.

Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, Ironsi wá sí Ìbàdàn láti bá àwọn ọba alayé ṣe ìpàdé. Ilé ìjọba ni ó sùn sí, àlejò Fájuyì ni. Ní òru náà ni ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ 29 tó mọ́, àwọn ọmọ ogun Bàtálíọ̀nù Kẹrin ti yí ilé ìjọba ká. Bàtálíọ̀nù tí Fájuyì ti gba àmì-ẹ̀yẹ nínú rẹ̀ ní Katanga ni èyí. Wọ́n mú òun àti Ironsi jáde, wọ́n sì pa wọ́n nínú igbó lẹ́bàá Lálúpọn, ní ọ̀nà Ìwó.

Ẹ̀rí àti àríyànjiyàn

Ìtàn tí ó gbilẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá ni pé Fájuyì kọ̀ láti yọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ àlejò rẹ̀, ó ní bí wọn yóò bá mú un, kí wọ́n mú òun pẹ̀lú. Àwọn mìíràn sọ pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan nínú àwọn ọlọ́tẹ̀ ti fura pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ oṣù Kìn-ín-ní, nítorí náà wọn ì bá pa á bó ti wù kó rí.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sí apá kan ná, kí a gbọ́ ti ẹni tí ó wá mú un. Theophilus Danjuma, tí ó jẹ́ Mejọ̀ nígbà náà tí ó sì kó àwọn ọmọ ogun náà wá, sọ lẹ́yìn náà pé Fájuyì jáde wá bá àwọn, pé ó béèrè fún ìdánilójú pé kò ní sí ohun tí yóò ṣe Ironsi kí ó tó mú òun lọ bá a. Ó sọ pẹ̀lú pé agbára bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ nígbà tí àwọn yòókù kó wọn lọ.

Ẹni tí ó sọ èyí kò ní ìdí kan láti sọ Fájuyì di akọni. Síbẹ̀, nínú ẹ̀rí rẹ̀, ohun tí gómìnà yìí kọ́kọ́ bèèrè nígbà tí ìbọn yí i ká ni ẹ̀mí àlejò rẹ̀. Èrò wa ni pé ìtàn méjèèjì kò tako ara wọn bí àwọn ènìyàn ti rò. Ìtàn kejì ń sọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ó pa á. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pinnu láti pa á, ìyẹn kò pa ìwà tí ó hù rẹ́.

Ohun tí ó mú àríyànjiyàn yìí pẹ́ ni ìdákẹ́jẹ́ ìjọba. Ó tó oṣù márùn-ún lé díẹ̀, títí di oṣù Kìn-ín-ní 1967 lẹ́yìn ìpàdé Aburi, kí ìjọba tó kéde ikú àwọn méjèèjì. Ní oṣù yẹn ni a sin Fájuyì sí Adó-Èkìtì pẹ̀lú ọlá ológun. A sin òkú, ṣùgbọ́n a kò ṣe ìgbẹ́jọ́ gbangba kan. Lẹ́yìn náà ni orúkọ rẹ̀ bọ́ sí òpópónà ní Ìbàdàn àti Ìkejà, àti ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀.

Ìkádìí

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a rí Fájuyì láàrin ewu tí ó kan ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn: nínú ọ̀tẹ̀ oúnjẹ, nínú ìdẹkùn Katanga, àti ní ilé ìjọba ní Ìbàdàn. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ó ṣe é yọrí, Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta kò yọrí, òun àti ẹni tí ó fẹ́ dáàbò bò ni wọ́n jọ kú. Àwọn ènìyàn ilẹ̀ rẹ̀ ni ó yìn ín fún ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí. Àwọn tí ó ń pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín kò wo àbájáde kí wọ́n tó mọ akin.

Ṣùgbọ́n ọlá kò lè dípò ìwádìí. Bí a ti ń fi orúkọ ọkùnrin yìí sọ ojú ọ̀nà àti bárékè, a ti sọ pé ó ṣe rere. A kò tíì sọ, ní ibi tí òfin ti lè gbọ́, ẹni tí ó pa á àti ìdí tí ó fi pa á. Gbèsè yẹn ṣì wà lọ́rùn ìjọba, ó sì wà lọ́rùn àwa òpìtàn náà.