Èèpo bakitéríà òtútù àyà àti àwọn jíìnì tó ń ṣàkóso rẹ̀

Èèpo yìí jẹ́ ìpele ṣúgà tó bo bakitéríà Streptococcus pneumoniae lára. Bakitéríà náà wà lára olórí ohun tó ń fa òtútù àyà, ó sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí kó ran awọ tó bo ọpọlọ. Èèpo rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lè gbé e mì.

Ìṣàkóso: Àwọn jíìnì cps tó ń ṣe èèpo wà lójú kan náà, láàárín jíìnì dexB àti aliA. Nínú imú, bakitéríà máa ń dín èèpo kù kó lè lẹ̀ mọ́ ara. Bó bá dé inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí èèpo rẹ̀ nípọn ló ń là á. Prótéìnì CpsB, CpsC àti CpsD wà lára àwọn tó ń díwọ̀n èèpo náà. Oríṣi èèpo tí a ti mọ̀ lé ní 100.

Àjẹsára: Ṣúgà èèpo yìí ni wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ tó ń kọ́ ara ọmọdé láti dá àrùn náà mọ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ PCV10, tó kojú oríṣi èèpo 10. Ní Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, bíi ti ìyókù orílẹ̀-èdè, ọmọ ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ló ń gba àjẹsára náà. Kí òbí má ṣe fo ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.