Òòfà Ilẹ̀, Agbára Ìpamọ́ àti Agbára Ìrìn

Òòfà ilẹ̀ ni ipá tí ayé fi ń fa ohun gbogbo sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ohun tó wà lókè ní agbára ìpamọ́ nítorí ibi tó wà. Ohun tó ń rìn ní agbára ìrìn nítorí eré rẹ̀. Bí nǹkan bá ń já bọ́, òòfà ló ń sọ agbára ìpamọ́ di agbára ìrìn.

Ìṣirò rẹ̀

Ní Odògbólú, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, akọ̀pẹ a máa fi igbà gun ọ̀pẹ láti gé ìdì ẹyìn. Ká ní ìdì kan tó kìlógírámù 20, tó sì wà ní mítà 10 sókè. Bí a bá sọ ìwọ̀n yìí di púpọ̀ pẹ̀lú gíga rẹ̀ àti 9.8, tí í ṣe ìwọ̀n òòfà láyé, agbára ìpamọ́ rẹ̀ jẹ́ joule 1,960. Gbàrà tí àdá bá gé e, agbára yìí bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, agbára ìrìn sì ń pọ̀ sí i. Ní agbedeméjì, 980 ti di ìrìn, 980 ṣì wà nípamọ́. Bó bá kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, tí a bá yọwọ́ ti afẹ́fẹ́, eré rẹ̀ ti tó mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá balẹ̀ tán, agbára náà kò ṣègbé: ó di ariwo àti ooru, ó sì fọ́n ẹyìn ká.

Ìwúwo kò yí eré náà padà. Ní 1971, David Scott, arìnrìn-àjò òfurufú, ju òòlù àti ìyẹ́ sílẹ̀ lórí òṣùpá, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Àwọn méjèèjì jọ balẹ̀ ni.

Ìtàn

Ní nǹkan bí 1722, Willem 's Gravesande, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ń ju bọ́ọ̀lù idẹ sórí amọ̀. Ó rí i pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìrìn a di ìlọ́po mẹ́rin. William Rankine, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló sọ agbára ìpamọ́ lórúkọ ní 1853.

Ìlò

Ní Kainji, lórí odò Ọya, omi tí wọ́n sé sókè ń já gba inú ẹ̀rọ tó ń pèsè iná. Láàárín 1964 sí 1968 ni wọ́n kọ́ dáàmù náà. Megawatt 760 ni agbára àwọn ẹ̀rọ rẹ̀. Dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí ní 1983, ga tó mítà 30. Omi rẹ̀ ń dé Abẹ́òkúta àti Èkó.

Orísun

Òòfà kì í dá agbára sílẹ̀. Ohun tó bá já, nǹkan ló kọ́kọ́ gbé e sókè. Agbára oòrùn ni ọ̀pẹ fi ga, tó fi so. Oòrùn náà ló ń fa omi òkun lọ sójú ọ̀run, kó tó di òjò tó ń kún odò Ọya.