Drywall: Ògiri Tó Ń Mu Omi

Ní Nàìjíríà, búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ́lé. Bí òjò bá pa ògiri bẹ́ẹ̀, oòrùn á mú un gbẹ. Ti Amẹ́ríkà àti Kánádà yàtọ̀. Drywall ni ògiri inú ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀: gypsum tí wọ́n fi bébà tó nípọn bò níwájú àti lẹ́yìn. Gypsum yìí náà ló wà nínú P.O.P. tí ẹ máa ń rí lára àjà ilé ní Èkó. Ó ń fa omi mu bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì.

Ẹ mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kí ẹ tó pe oníṣẹ́. Ògiri tó *rin* (kì í ṣe *rìn* o!) ṣì le. Ẹ wá ibi tí omi ti ń jò, ẹ dí i, kí ẹ tan fáànù sí i. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà ní kó gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48, kó má baà bu. Èyí tó *rọ̀*, tí ìka ń wọnú rẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ gé e kúrò. Èyí tó *bu* ní àmì dúdú tàbí àwọ̀ ewé, ó sì ń rùn. Ẹ má kùn ún lọ́dà! Á ṣì máa tàn lábẹ́ ọ̀dà, ẹni tó ní asthma nínú ilé ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Tó bá ju ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú, 3 lóòró lọ, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Omi ìkún tiẹ̀ burú jù, torí ìdọ̀tí inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìjì Harvey ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ní Houston tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti gé drywall láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 4. Kì í ṣe pé omi ga tó bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Drywall máa ń fa omi gòkè kọjá ibi tí omi dé, páálí tuntun kan sì sábà máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, nítorí náà tí wọ́n bá dá a dùbúlẹ̀, ó bá àlàfo náà mu gẹ́lẹ́.

Ẹ pa iná mànàmáná kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ẹ yọ òwú inú ògiri tó ti rin, kí ẹ jẹ́ kí igi inú rẹ̀ gbẹ pátápátá. Ibí yìí ni àwọn oníṣẹ́ tó ń kánjú gbowó ti máa ń bà á jẹ́. Páálí tuntun kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, ẹ fi àyè ìdajì íǹṣì sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.