Kí Ló Ń Gba Ọmú Lẹ́nu Ọmọ Ọlọ́jà?

Ìtàn ọmú ni mo fẹ́ sọ nínú ìwé ọdún wa yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ọjà wa gbọ̀ngbọ̀n.

Láyé àwọn ìyá ìyá wa, ọdún méjì sí mẹ́ta lọmọ fi ń mu ọmú. Ìyá kì í bá ọkọ sùn ní gbogbo àsìkò náà, kí oyún mìíràn má baà dé. Ọjà lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ibi tí ìyá bá ti ń tajà lọmọ ti ń mu. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, kì í ṣe ọmú nìkan. Wọ́n ń rọ ọmọ lómi àti àgbo. Àwọn mìíràn sì ń fún ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n rúsúrúsú dànù pé ìdọ̀tí ni, wọn ò mọ̀ pé òun gan-an ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ àrùn.

Nígbà tó yá, mílíìkì ọmọ inú agolo dé. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é polówó rẹ̀ káàkiri, wọ́n tilẹ̀ ń rán obìnrin tó wọṣọ bíi nọ́ọ̀sì sí àwọn abiyamọ. Nígbà tí owó rẹ̀ wọ́n, ìyá tí kò lówó á bu díẹ̀, á bomi púpọ̀ sí i, omi ọ̀hún ò sì mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀lé e. Ní 1974, ẹgbẹ́ War on Want ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé The Baby Killer jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1977, àwọn kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjà Nestlé. Ní May 1981, ìpàdé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé ìlànà kalẹ̀ lórí títa mílíìkì ọmọ: orílẹ̀-èdè 118 fọwọ́ sí i, Amẹ́ríkà nìkan ló dìbò pé òun kò gbà. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990.

Òfin wà lóòótọ́. Síbẹ̀, nínú ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Kí ló fà á?

Èmi fúnra mi bí àkọ́bí mi ní 1994. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ mo ti padà sí ìsọ̀, nítorí owó ọjà tí mo jẹ. Mo fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi pẹ̀lú ìgò fíídà. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọmú ti gbẹ. Wọ́n ní ọmú mi ni kò tó, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àṣé bí ọmọ bá ṣe ń fà á ni ọmú ṣe ń wá. Bí a bá ń fi fíídà rọ́pò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dín kù. Ẹ má sọ pé abiyamọ bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Gbèsè ló ń lé e.

Ní 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá bímọ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ta ni yóò fún ọlọ́jà ní tirẹ̀? Àfi ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, mo ní àbá méjì fún ìpàdé wa. Èkínní, kí abiyamọ tó yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ má bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà títí ọmọ rẹ̀ yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Èkejì, kí a ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ọjà, ká fi kọ́tìnì bò ó, ká gbé àga síbẹ̀, kí ìyá lè jókòó fọ́mọ lọ́mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó kí ẹ tó wá. Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí. Àṣẹ.