ÀṢẸ ỌLỌ́RUN ÀTI ÒMÌNIRA ỌMỌ ÈNÌYÀN: Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ÌTÀN KÉTU

Àkókò júbílì jẹ́ àkókò tí a ń bojú wẹ̀yìn kí a tó tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu wa ní Kétu nígbà tí ohun ńlá bá ṣẹlẹ̀, ìbáà ṣe ayọ̀, ìbáà ṣe ìbànújẹ́: "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fi òye lò ó, a lè fi di ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ ènìyàn ru Ọlọ́run, a sì lè fi sá fún iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi lé wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ilé. Ní ọdún 1883, ogun Dàhòmì wọ Kétu. Ní ọdún 1886 wọ́n tún padà wá, wọ́n dó ti ìlú, ìlú sì ṣubú. Àkábà Ìdènà, ẹnu-odi tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́kẹ̀ lé, kò lè dá wọn dúró. Wọ́n fi iná sun ilé, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wa ní ẹrú lọ sí Abomey. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Abomey ní ọdún 1892 ni ọ̀nà ilé tó là fún àwọn tí ó kù, a sì tún fi Alákétu jẹ ní ọdún 1894.

Ǹjẹ́ Ọlọ́run ni ó fẹ́ kí ọba Glele sun Kétu? Bí a bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a ti dá Glele láre. Bí a bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn lè bèèrè bóyá ọwọ́ Ọlọ́run kúrú ni. Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ti pẹ́ tí Ìyá wa Ìjọ Mímọ́ ti ń dáhùn rẹ̀.

Ọmọ Áfíríkà ni ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀: Augustine Mímọ́, tí a bí ní ọdún 354 ní Tagaste, ní ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà òde òní. Pelagius ń kọ́ni pé agbára ènìyàn tó láti sọ ọ́ di olódodo. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pé jọ sí Carthage ní ọdún 418, wọ́n sì kọ ẹ̀kọ́ náà. Augustine fi hàn pé oore-ọ̀fẹ́ ni ó ń ṣáájú, ṣùgbọ́n kì í pa ìfẹ́-inú ènìyàn. Ìwòsàn ni ó ń ṣe fún un.

Ní ọdún 1525, Martin Luther kọ̀wé pé ìfẹ́-inú ènìyàn wà nínú ìdè. Àpérò Ìjọ ní Trent dáhùn ní ọdún 1547 pé Ọlọ́run ni ó ń kọ́kọ́ pe ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí a pè lè jẹ́ ìpè náà, ó sì lè kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìwé tí Luis de Molina tẹ̀ jáde ní ọdún 1588, àwọn àlùfáà Dòmíníkà àti àwọn Jésúítì bá ara wọn jiyàn gidigidi lórí bí oore-ọ̀fẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òmìnira. Ẹjọ́ náà dé Róòmù. Ní ọdún 1607, Póòpù Paul Karùn-ún dá wọn dúró láì dá ìhà kankan lẹ́bi. Ìdí ni pé àdììtú ni. Àwa mọ̀ pé Ọlọ́run jọba lórí ohun gbogbo, a sì mọ̀ pé ènìyàn lómìnira. A kò gbọdọ̀ tìtorí ọ̀kan ju èkejì nù.

Àwọn baba wa pàápàá kò fọwọ́ rọ́ yíyàn sẹ́yìn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àyànmọ́, ṣùgbọ́n àkúnlẹ̀yàn ni wọ́n tún ń pè é: ẹni tí ó kúnlẹ̀ ni ó yàn. Ìjọ kò kọ́ wa pé a ti yan orí kí a tó wá sáyé. Níhìn-ín, lójoojúmọ́, ni a ti ń yàn. Àwọn àgbà sì tún ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Ẹ wo Samuel Ajayi Crowther, tí ó bẹ Kétu wò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1853. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjọ Áńgílíkà, ẹ̀rí rẹ̀ yóò ràn wá lọ́wọ́. Ní ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Nígbà tí ó ròyìn ọjọ́ náà ní ọdún 1837, ó pè é ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì tún pè é ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí ipasẹ̀ rẹ̀ ni ó fi mọ Krístì. Kò sọ pé àwọn tí ó kó òun ṣe rere. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jósẹ́fù ṣe sọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ ní Íjíbítì: ibi ni èrò tiwọn, Ọlọ́run ni ó yí i sí rere.

Ìdáhùn wa lórí Kétu nìyẹn. Ohun tí Ọlọ́run fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí ó gbà láàyè. Ẹ̀ṣẹ̀ iná náà wà lọ́rùn ẹni tí ó dá a. Àṣẹ Ọlọ́run hàn nínú pé iná náà kọ́ ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Láti inú ìlú tí ó di eérú ni Fáàdà Thomas Moulero ti jáde, ọmọ Dàhòmì àkọ́kọ́ tí a fi joyè àlùfáà Kátólíìkì, ní ọdún 1928. Ọlọ́run pè é. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì jẹ́ ìpè náà.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń ṣàìsàn tí a kò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí a má ṣe dúró níbi ìsìnkú kí a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bí tọkọtaya bá tú ká nítorí ìwà líle, kí a má ṣe pe ìyẹn ní àyànmọ́. Nínú ìlú tí àwa, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ jọ ń gbé, kí a má sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni gbàgbọ́. Àpérò Fátíkàn Kejì kéde ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1965 pé òmìnira ni ènìyàn fi ń dá Ọlọ́run lóhùn.

Ọlọ́run Olódùmarè fúnra rẹ̀ rán áńgẹ́lì sí wúndíá kan ní Násárẹ́tì, ó sì dúró gbọ́ ohun tí yóò sọ. Kí Màríà Mímọ́ bá wa bẹ̀bẹ̀, kí àwa náà lè fi tọkàntọkàn jẹ́ ìpè Ọlọ́run ní ọdún júbílì yìí. Àmín.