Ọkọ̀ Kò Létí

Bí ẹnìkan ní Gberefu bá ní "ọkọ̀ ti dé", omi ni ojú gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ yí sí. Ọkọ̀ ojú omi ni èrò ń wọ̀ láti etí ọ̀sà Àgbádárìgì lọ sí erékùṣù náà, ẹni tó bá sì jókòó nínú rẹ̀ lè gbọ́ gbólóhùn tí wọ́n fi Ògù bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì fi Yorùbá parí. Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, ohun tí à ń pè ní ọkọ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin dé, a kò wá orúkọ tuntun fún un. A na orúkọ ti omi dé orí ilẹ̀, a tún nà án dé ojú irin, a nà án dé òfuurufú. Àwọn Fọ̀n, tí èdè wọn bá ti Ògù tan, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ pẹ̀lú hùn tiwọn. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e lórí, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀ lónìí.

Iṣẹ́ tó wà níwájú wa báyìí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ rí i pé àléébù wà nínú ohun tí òun ti tà, àléébù tó lè pààyàn, ó sì ní láti sọ fún ẹni tó rà á pé kó gbé e wá kí wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, recall, sọ gbogbo èyí. Àwọn oníròyìn wa gbé ọ̀rọ̀ kan yẹn, wọ́n sọ ọ́ di "ìpè padà", wọ́n sì lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2010, Toyota kéde pé kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì lè ní àléébù nínú Corolla àti Matrix ọdún 2005 sí 2008, bíi mílíọ̀nù 1.13 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹni tó bá ń rin ojú pópó Èkó sí Àgbádárìgì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí a júwe Corolla ọdún wọ̀nyẹn fún òun. Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, àwọn kan gba èbúté Èkó wọlé, àwọn kan gba Kútọnu, wọ́n sì ti ẹnubodè Sèmè wọlé. A ní orúkọ fún wọn: tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun ni tẹ́lẹ̀. Ará ọjà kan náà ló gbé e fún ọkọ̀ àlòkù, àwọn kan náà tó ń pe Camry kan ní Ọ̀rọ̀bọ̀ tí wọ́n sì ń pe Honda kan ní End of Discussion. Mo fẹ́ràn tòkunbọ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ kankan ti dá lọ, nítorí pé ìtàn ọkọ̀ náà wà nínú rẹ̀. Ibi tó kù sí ni pé kò sọ ohun tí kò bá ọkọ̀ náà bọ̀. Òfin ààbò ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1966 pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Lẹ́tà náà dé ilé ẹni tó ti ta ọkọ̀ náà tipẹ́. Ọkọ̀ ti òkun bọ̀, lẹ́tà kò bọ̀.

Ibí yìí ni "pè padà" ti kọ́kọ́ já wa kulẹ̀. Ní Yorùbá, ẹni tó létí ni à ń pè. A lè pe ọmọ, a lè pe ajá, a lè pe òrìṣà pàápàá. "Toyota pe Corolla padà" ń mú kéèyàn rò pé Corolla ni yóò dìde tí yóò máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti pòórá nínú gbólóhùn náà. Èkejì ni pé "padà" ń mú kí oníbàárà rò pé wọ́n fẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ òun kí wọ́n sì dá owó òun padà, bí a ṣe ń dá bàtà tó já padà fún ẹni tó tà á. Kò sí ẹni tó fẹ́ dá owó padà. Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú. Sẹ́nétọ̀ tí àwọn ará agbègbè rẹ̀ bá pè padà kì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ilé ló ń lọ, kò sì ní padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bí àkọlé ìròyìn bá nílò orúkọ dandan, "ìpè àtúnṣe" ni màá fi síbẹ̀. Ó sọ ìdí tí wọ́n fi ń pè, kò sì ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni. Nínú gbólóhùn, ẹ jẹ́ kí ìpè náà bá èèyàn: "Toyota ké sí àwọn tó ní Corolla pé kí wọ́n gbé e wá fún àtúnṣe." Ó gùn díẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Iná ló wá le jù. Ọ̀rọ̀ kan ni iná, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀: èyí tó ń jó igi, èyí tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń gba inú wáyà kọjá. Nílé, bí a bá ní iná ti dé, gbogbo ènìyàn mọ èyí tí à ń sọ. Nínú ọkọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Àléébù ti 2010 yẹn kò ní ọwọ́ iná tó ń jó nínú rárá: ojú ibi tí wọ́n ti fi òjé jó àwọn èròjà mọ́ pátákó kọ̀ǹpútà náà ló lè sán, tàbí kí èròjà kékeré kan tó ń gbà á lọ́wọ́ fóltéèjì tó bá ga jù sán, kí ẹ́ńjìnnì wá kú lórí eré. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, Toyota tún ké sí àwọn tó ní ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 1.03 káàkiri ayé, Prius wà lára wọn, nítorí pé ìdì wáyà kan nínú ẹ́ńjìnnì lè máa ha ìdérí rẹ̀ títí ara wáyà yóò fi bó. Ìyẹn lè gbiná lóòótọ́. Bí akọ̀ròyìn bá kọ "ìṣòro iná" sí orí ìròyìn méjèèjì, ẹni tó ní Corolla á máa wá omi tí yóò fi pa iná tí kò ní jó láéláé, ẹni tó ní Prius á sì rò pé gílóòbù ló kú, á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ ilé, á sùn.

Àwọn kan ń fi "iná mànàmáná" yanjú rẹ̀. Ó dára fún ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná káàkiri ìlú, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí rewáyà kan, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, sọ ọ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kọ́rẹ́ńtì ni wọ́n ń pè é: kọ́rẹ́ńtì kò dé púlọ́ọ̀gì, bátìrì kò gba kọ́rẹ́ńtì mọ́. Màá gba kọ́rẹ́ńtì lọ́wọ́ wọn, màá sì fi iná sílẹ̀ fún èyí tó ń tàn àti èyí tó ń jó. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe yóò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni agbára wa wà nínú iṣẹ́ yìí, a kò sì lò ó tó. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìkejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì bójú tó ní 1990, ṣe olùkọ́ èdè lóore ńlá, nítorí pé orúkọ ni olùkọ́ nílò. A wá gbé àṣà yẹn wọ ibi tí kò yẹ. Ìwé ìkéde Òyìnbó á ní ọkọ̀ lè pàdánù agbára tó ń mú un rìn. Atúmọ̀ èdè á làágùn títí yóò fi bí "ìpàdánù agbára ìmúrìn". Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀ kan ní Gbájí, lójú ọ̀nà Sèmè, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú, ó tán. Púlọ́ọ̀gì kò ta. Wáyà já. Ara wáyà bó, wáyà kan ara wọn, fíúsì jó. Ojú òjé sán, bí ìkòkò ṣe ń sán. Jíà ń fa ọkọ̀ jìgìjìgì. Ẹni tí tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú mọ ohun tí "kú" ń sọ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣe àlàyé ewu fún òun.

Àwọn tó kọ Òyìnbó yẹn náà kò kúkú kọ ọ́ kó lè yé èèyàn dáadáa. Ní 2014, General Motors ké sí àwọn tó ní Chevrolet Cobalt, Saturn Ion àti àwọn ọkọ̀ mìíràn, bíi mílíọ̀nù 2.6, nítorí pé ojú kọ́kọ́rọ́ wọn rọ̀ jù. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó bá wúwo lè yí i padà lórí eré. Ẹ́ńjìnnì á kú, sítíárìn á le, áyábáàgì kò sì ní yọ bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Àpò owó ìrànwọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà dá sílẹ̀ gbà pé ikú 124 ti wá láti ibẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 35 dọ́là lé wọn, nígbà tí wọ́n sì gbé ìwé àdéhùn rẹ̀ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, aráyé rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́ ní 2008. Wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ hàn nínú ìwé wọn sínú rẹ̀. "Àléébù" wà níbẹ̀. Dípò rẹ̀, kí wọ́n kọ pé nǹkan náà kò ṣiṣẹ́ bí a ṣe yà á. "Ìṣòro" náà wà níbẹ̀, kí wọ́n pè é ní "ipò". Titanic tó rì wà níbẹ̀, Hindenburg tó jóná lófuurufú wà níbẹ̀, pósí tó ń yí lórí táyà náà wà níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ìwé ìkéde bá dé ọwọ́ wa tó ń sọ nípa "ipò kan" nínú ẹ́ńjìnnì, kò sí ìdí tí a fi ní láti bá ilé-iṣẹ́ náà gbé aṣọ ìbòjú rẹ̀ wọ èdè wa. Àléébù ni kí a kọ. N kò ní kọ àbùkù, nítorí pé ó ti fẹ́ jọ ìtìjú èèyàn. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní ilẹ̀ wa, èyí tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ṣe ọjà tàbí tó kó o wọlé pé bó bá ti mọ̀ pé ó léwu, kó kéde fún aráàlú. Púpọ̀ nínú aráàlú tó wà láàárín Àgbárá àti Sèmè ń fi Yorùbá tàbí Ògù bá mẹkáníìkì wọn sọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá gbé ìkéde Corolla yẹn fún mi, báyìí ni màá kọ ọ́:

"Ẹ̀yin tí ẹ ní Corolla tàbí Matrix ọdún 2005 sí 2008, àléébù lè wà nínú brain box ọkọ̀ yín. Ojú òjé inú rẹ̀ lè sán. Bó bá sán, iná ẹ́ńjìnnì á máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, jíà lè máa fa ọkọ̀ jìgìjìgì, ọkọ̀ lè má ṣíná, ẹ́ńjìnnì sì lè kú lórí eré. Ẹ gbé e wá. A óò pààrọ̀ brain box náà, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀."

Brain box ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ tí rewáyà àti àwọn tó ń ta pátì ń pè é nìyẹn. "Ọpọlọ ẹ́ńjìnnì" dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi lọ ra ọjà á pẹ́ níbẹ̀. Èròjà kékeré tó ń gbà á lọ́wọ́ fóltéèjì tó ga jù, n kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ìwé ẹ̀kọ́ ni àyè rẹ̀, kí wọ́n máa pè é ní fárísítọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń wakọ̀ kò ní ohun tí yóò fi ṣe.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìkéde náà, èyí tó ní kọ́bọ̀ nínú, ni kò bá tòkunbọ̀ mu, nítorí pé òfin Amẹ́ríkà kò dé Àgbádárìgì. Fún àwọn tó ní tòkunbọ̀, màá yọ ọ́ kúrò, màá sì fi èyí rọ́pò rẹ̀: "Ẹ wo abẹ́ gíláàsì iwájú, níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀. Nọ́ńbà ṣásí tó wà níbẹ̀ jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò yẹ̀ ẹ́ wò lórí ojúlé NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà. Wọn kì í gba owó. Bó bá ní àtúnṣe kan ṣì kù tí wọn kò tíì ṣe, ẹ fi han rewáyà yín kó tó tú ohunkóhun."