Ìrẹsì àti Ẹ̀wà Láìsí Ẹran: Ta Ló Ni Ín?



Ní ọjọ́ ọdún tuntun kan, ọmọbìnrin mi tó wà nílé ọkọ ní South Carolina ní Amẹ́ríkà pè mí lórí fóònù. Ìyá ọkọ rẹ̀, adúláwọ̀ ibẹ̀, ti ń dáná láti òwúrọ̀: ìrẹsì àti ẹ̀wà nínú ìkòkò kan, tí wọ́n ń pè ní Hoppin' John, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà yóò rí oore lọ́dún. Ẹ̀fọ́ dúró fún owó. Nítorí pé ọmọ mi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ìyá náà kò fi ẹran kankan sí i. Ni ọmọ mi bá fi ẹ̀rín sọ pé, "Mọ́mì, oúnjẹ tiwa lẹ sè yìí, oúnjẹ Yorùbá ni." Ìyá náà dákẹ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi jẹun tán.

"Dádì," ọmọ mi bi mí, "kí ni mo sọ tó burú?"

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìbá sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo dá a lóhùn nìyí.

Lóòótọ́, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ erèé di ohun ọ̀gbìn, ọkọ̀ ẹrú ló sì gbé e lọ sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ló sọ àwọn olóko Charleston di ọlọ́rọ̀, láti ìparí àwọn ọdún 1600, àwọn tó sì mọ iṣẹ́ ìrẹsì jù ni àwọn ènìyàn etíkun láti Senegal dé Sierra Leone. Ní nǹkan bí ọdún 1760, ìpolówó nínú ìwé ìròyìn Charleston ń sọ ọ́ gbangba pé etíkun onírẹsì ni àwọn ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti wá. Títí di òní, wọ́n ṣì ń se ìrẹsì mọ́ ẹ̀wà ní Senegal. Thiébou niébé ni wọ́n ń pè é.

Àwa ńkọ́? Ìgbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, ní nǹkan bí ọdún 1800 sí 1850, ni wọ́n kó wa lẹ́rú jù. Amẹ́ríkà sì ti fòfin de kíkó ẹrú wọlé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1808. Brazil àti Cuba ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa bá lọ. Ní Bahia, àwọn obìnrin ṣì ń din àkàrà nínú epo pupa ní ìgboro, acarajé ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2005 ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ìyẹn tiwa ni, kò sí àríyànjiyàn.

N kò sọ pé kò sí Yorùbá kankan ní Carolina o. Lorenzo Dow Turner, tó ṣe ìwádìí èdè àwọn Gullah etíkun náà, rí orúkọ Yorùbá láàárín wọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní ọdún 1949. Ṣùgbọ́n orúkọ díẹ̀ kò sọ ìkòkò ọbẹ̀ di tiwa. Ti abúlé Ọ̀yọ́túnjí tí a máa ń fi yangàn, ọdún 1970 ni àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹran náà. Ìwé ìdáná The Carolina Housewife, tó jáde ní Charleston ní ọdún 1847, kọ ọ́ báyìí: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, ẹ̀wà pupa páìntì kan, ìrẹsì páìntì kan. Sarah Rutledge ló kọ ọ́, ọmọ Edward Rutledge tó fọwọ́ sí ìwé òmìnira Amẹ́ríkà ní ọdún 1776. Orúkọ àwọn ẹrú tó ń dáná nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyá ọkọ ọmọ mi kò kọ́ ọ nínú ìwé, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Wọ́n ti gba orúkọ, èdè àti ìlú lọ́wọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ìkòkò yìí wà lára ìwọ̀nba ohun tó kù, ọmọ mi sì fi ẹ̀rín gbà á.

Àwa tí a ń gbé Kàdúná yẹ kó mọ̀ ọ́n. Shinkafa da wake tí à ń rà láàárọ̀, pẹ̀lú òróró àti yaji, láìsí ẹran, ta ni nínú wa ló máa wojú ìyá Hausa tó ń tà á, kó ní oúnjẹ Yorùbá ni?

Ọmọ mi padà lọ bẹ ìyá náà, ó sì ní kó kọ́ òun. Ìyá náà rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ó sè é títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, kò jẹ́ kó fọ́. Kò da omi rẹ̀ nù, torí omi yẹn ló ń gba ipò ẹran. Ó fi òróró díẹ̀ din àlùbọ́sà, seleri àti ata tútù aláwọ̀ ewé, ó bu táìmù àti ata gígún tí wọ́n fi èéfín gbẹ sí i, kí òórùn èéfín tí ẹlẹ́dẹ̀ máa ń mú wá lè wà níbẹ̀. Ó da ẹ̀wà, ìrẹsì tó ti fọ̀ àti omi ẹ̀wà náà sí i, ó dé e, ó fi iná sílẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kò sì rò ó rárá.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ọmọ mi ló sè é. Ìyá náà ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.